Ẹ Fẹ Agbo, Kí A Lè Rí Ìjà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró wo ìjàkadì rí ní ojúde ìlú mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ké nígbà tí ìjà bá gbóná. Wọn kì í ké pé, “Ẹ sún mọ́ wọn!” Ohun tí wọ́n ń ké ni pé, “Ẹ fẹ agbo! Ẹ fẹ agbo!” Àwọn àgbà a mú pàṣán lọ́wọ́, wọn a lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, títí àyè yóò fi gbà ní àárín, tí ẹni tí ó jókòó àti ẹni tí ó dúró yóò fi lè rí ẹsẹ̀ àwọn oníjàkadì, tí gbogbo wọn yóò sì lè jẹ́rìí sí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ìjà tí a kò rí, ariwo lásán ni, ẹni tí kò bá sì rí ìjà, kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí sọ sí mi lọ́kàn ní ìgbà ìsinmi tí ó kọjá, nígbà tí a kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jọ sí gbọ̀ngàn kan láti wo sinimá ìjà. Ariwo àwọn ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Nígbà tí ó parí, mo ní kí wọ́n jókòó, mo sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin péré: Ọ̀nà wo ni akọni náà gbà wọ inú ilé? Ènìyàn mélòó ni ó bá jà? Ta ni ó gba ọ̀bẹ, lọ́wọ́ ta ni ó sì ti gbà á? Ibo ni ọgbẹ́ ti bá ẹni tí ó kú? Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn ju ìbéèrè kan lọ. Níkẹyìn ọmọkùnrin kan dìde, ó fi ọwọ́ họ orí, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìjà náà dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i.” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti sọ ní gbólóhùn kan ohun tí èmi yóò fi ojú-ìwé púpọ̀ sọ níhìn-ín.

Nínú ọ̀pọ̀ sinimá ìjà tí a ti ṣe láti nǹkan bí 20 ọdún wá, àṣà kan ti gbilẹ̀. A kì í gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta mọ́. Ọwọ́ ni a fi ń gbé e sáré, kí àwòrán lè máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. A ń sún un mọ́ àwọn oníjà tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi rí ju ìkúùkù kan, etí kan, tàbí ìṣẹ́tí ẹ̀wù kan lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ń gé àwòrán tí ó sì ń so ó pọ̀ a rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ ilá, tí ègé mìíràn kò fi ní pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan ní ojú wa. Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì àwọn tí ń ṣe é ni pé wọ́n fẹ́ kí òǹwòran dìde ní orí àga rẹ̀, kí ó wọ inú ìjà lọ, kí ó rò pé òun gan-an ni a ń lù. Èmi sọ pé ìlérí èké ni. Àṣà náà kò mú wa wọ inú ìjà. Ó ń dì wá lójú ni. Ohun mẹ́ta ni ó sì ń jí gbé: ó ń jí ojú òǹwòran, ó ń jí iyì òṣìṣẹ́, ó sì ń jí àánú inú ọmọdé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń gbé ohun àtijọ́ ga nítorí pé ó jẹ́ ti àtijọ́. Ìfẹ́ láti fa òǹwòran wọ inú àwòrán kì í ṣe ti òní. Ní 1903, nínú The Great Train Robbery tí Edwin S. Porter ṣe ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́ṣà kọjú sí àwọn òǹwòran, ó sì yìnbọn sí wọn. Ní 1928, nínú Steamboat Bill, Jr., Buster Keaton dúró jẹ́ẹ́ ní iwájú ilé kan. Odindi ògiri iwájú ilé náà wó lulẹ̀, ibi tí ó dúró sí gan-an ni ojú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀ bọ́ sí, kò sì fi ara pa. Kámẹ́rà dúró ní òkèèrè, kò mì. A rí ilé, a rí ọkùnrin, a rí àlàfo kékeré tí ó wà láàrín ìyè àti ikú rẹ̀. Títí di òní, ẹni tí ó bá wò ó a di èémí rẹ̀ mú. Ní 1968, nínú Bullitt, Peter Yates gbé kámẹ́rà sínú ọkọ̀, ọkọ̀ méjì sì ń lé ara wọn lórí àwọn òkè ìlú San Francisco fún nǹkan bí 10 ìṣẹ́jú. Ọkàn wa fò sókè, ó sì balẹ̀ pẹ̀lú wọn. Síbẹ̀ a mọ ọkọ̀ tí ń sá, a sì mọ èyí tí ń lépa. Frank P. Keller, ẹni tí ó so àwòrán náà pọ̀, gba ẹ̀bùn Oscar nítorí rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Garrett Brown ṣe Steadicam, ohun èlò tí a ń so mọ́ ara ẹni tí ó gbé kámẹ́rà, kí ó lè máa rìn, kí ó lè máa sáré, kí àwòrán má sì gbọ̀n. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí: ọlọ́gbọ́n kan làágùn láti mú gbígbọ̀n kúrò, lẹ́yìn nǹkan bí 30 ọdún, àwọn ẹlòmíràn ń làágùn láti dá a padà.

Èmi kò sẹ́ pé gbígbọ̀n ní àyè tirẹ̀. Ní 1998 Steven Spielberg ṣe Saving Private Ryan. Janusz Kamiński ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ní apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ a rí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà bí wọ́n ti gúnlẹ̀ sí etíkun Omaha ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1944. Kámẹ́rà gbọ̀n, omi ta sí i lójú, ẹ̀jẹ̀ ta sí i lójú. Ṣùgbọ́n òkun wà ní ẹ̀yìn, òkè tí ọta ìbọn ti ń rọ̀jò wà ní iwájú, iyanrìn tí kò ní ibi ìsádi sì wà ní àárín. Òǹwòran mọ ibi tí ikú ti ń bọ̀, ó sì mọ ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ sá dé kí wọ́n tó lè yè. Inú ọkàn àwọn ọmọ-ogun ni ìdàrúdàpọ̀ wà. Kò sí nínú ọ̀nà tí a gbà sọ ìtàn náà. Àwọn àgbà wí pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Spielberg sunkún, ó sì ríran.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Paul Greengrass ará Gẹ̀ẹ́sì dé, ẹni tí ó ti ṣe àwòrán ìròyìn fún tẹlifíṣọ̀n rí. Ó ṣe The Bourne Supremacy ní 2004 àti The Bourne Ultimatum ní 2007. David Bordwell, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ẹ̀kọ́ sinimá, ka ègé àwòrán inú Ultimatum, ó sì rí i pé bí a bá pín in dọ́gba, ègé kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni láàrín 1930 sí 1960, ìṣẹ́jú àáyá 8 sí 11 ni ó wọ́pọ̀ ní Hollywood. Christopher Rouse tí ó so ó pọ̀ gba Oscar. N kò jiyàn pé wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Ẹni tí a ń lépa ni Bourne, ẹni tí ó ti gbàgbé ara rẹ̀ ni. Ìkánjú àwòrán náà bá ọkàn rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀lé wọn mú ẹ̀wù, wọ́n fi ara sílẹ̀. Nínú Taken 3, tí ó dé ilé sinimá Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní 2015, Liam Neeson gun ọgbà onírin kan kọjá. Láàrín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6 péré, a gé àwòrán náà ju ìgbà 10 lọ. Nítorí ọgbà kan! Ewúrẹ́ ń fo ọgbà ní ojoojúmọ́, kò sì dá irú ìjì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá dán ìlérí wọn wò. Ìwọ òǹkàwé, di ìwé yìí mú ṣinṣin ní iwájú rẹ, kí o sì máa mi orí rẹ sí ọ̀tún àti sí òsì bí o ti ń kà á. Ìwọ yóò rí i pé o ṣì lè kà á. Nísinsìnyí, dá orí rẹ dúró, kí o jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ máa mi ìwé náà ní ìwọ̀n kan náà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò dàrú mọ́ ọ lójú. Kí ni ìdí rẹ̀? Nínú etí wa lọ́hùn-ún ni ohun kan wà tí ń wọn yíyí orí; bí orí bá yí sí ọ̀tún, ó ń ránṣẹ́ kí ojú yí sí òsì ní ìwọ̀n kan náà, kí ohun tí a ń wò lè dúró. Nítorí náà ni ọdẹ fi lè sáré nínú igbó kí ó má sì sọ ẹran nù lójú. Kámẹ́rà tí ń gbọ̀n kò fi wá sí ipò ẹni tí ń jà. Ipò ẹni tí ẹlòmíràn ń mi ìwé mọ́ lójú ni ó fi wá sí. Èyí náà ni ó ń mú kí èébì máa gbé àwọn kan nínú ilé sinimá: ojú ní a ń sáré, etí ní a jókòó, ìjà àwọn méjèèjì sì di ti ikùn.

Àwọn kan tilẹ̀ lọ jìnnà ju èyí lọ. Ní 2015 Ilya Naishuller ará Rọ́ṣíà ṣe Hardcore Henry: ó so kámẹ́rà kékeré mọ́ orí òṣèré, odindi sinimá náà sì jẹ́ ohun tí ojú ọkùnrin kan rí. Robert Montgomery ti dán irú rẹ̀ wò ní 1947 nínú Lady in the Lake. Ohun tí a pàdánù ni ojú ẹni náà gan-an: ìbẹ̀rù rẹ̀ pamọ́ fún wa, ìrora rẹ̀ pamọ́ fún wa. Àwọn baba wa wí pé ojú l’ọ̀rọ̀ wà. A lè yá ojú ènìyàn lò fún wákàtí kan ààbọ̀, kí a má sì mọ ọkàn rẹ̀ rárá.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí yóò wí pé, “Ẹ̀yin àgbà, ojú yín ni kò yá mọ́, àwa ń rí gbogbo rẹ̀.” Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyára ni mo ń bá jà. Ẹ fetí sí onídùndún. Nígbà tí ijó bá le, kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ a yára ju ojú lọ, síbẹ̀ ìlù náà ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù sì mọ orúkọ ẹni tí ó ń kì. Ẹ wá fún ọmọdé tí kò kọ́ ìlù ní kọ̀ǹgọ́ kan náà: òun náà yóò lù ú kíákíá, ariwo yóò sọ, ṣùgbọ́n ìlù kò ní wí nǹkan kan. Ìyára kan náà ni. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀, èkejì jẹ́ ariwo.

Irú onídùndún bẹ́ẹ̀ ni George Miller ará Ọsirélíà. Mad Max: Fury Road tí ó gbé jáde ní 2015, tí a ya ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní aṣálẹ̀ Namibia, ní ègé bí 2,700 nínú wákàtí 2. Síbẹ̀ ẹni tí ó wò ó lè sọ ẹni tí ó fò láti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, àti ìdí tí ó fi fò. John Seale tí ó ya á ń fi ohun tí ó ṣe pàtàkì sí àárín gbùngbùn àwòrán, kí ojú má baà máa wá a kiri bí ègé ti ń tẹ̀lé ègé. Margaret Sixel tí ó so ó pọ̀ gba Oscar, ó sì tọ́ sí i. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, gígùn nìkan kò sọ àwòrán di òtítọ́. 1917, tí Sam Mendes ṣe ní 2019, tí Roger Deakins sì ya, dà bí ẹni pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gé e rárá. Ojú ìso wà nínú rẹ̀ púpọ̀, a fi wọ́n pamọ́ ni. Gígùn náà wúlò níbẹ̀, nítorí ó jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ wa wọn ọ̀nà tí a rán àwọn ọmọ-ogun méjì náà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti sọ ègé gígùn di ohun ìfẹgẹ̀, tí òǹwòran kì í fi í ronú nípa ìtàn mọ́, bí kò ṣe nípa ẹni tí ó ya á. Nítorí náà, òṣùwọ̀n wa kì í ṣe iye ìgbà tí a gé àwòrán. Òṣùwọ̀n wa ni pé: Ǹjẹ́ òǹwòran mọ ibi tí òun dúró sí?

Èyí ni ti ojú. Ẹ jẹ́ kí a dé orí iyì òṣìṣẹ́. Nínú àwọn sinimá ìjà, àwọn ọkùnrin àti obìnrin kan wà tí ń já láti orí òrùlé, tí ń la iná kọjá, tí ń yí gbirigbiri lórí àtẹ̀gùn ní ipò òṣèré tí a mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti fi ara pa. Àwọn kan ti kú sí ẹnu iṣẹ́ náà. Kí ni èrè ẹni tí ó fi oṣù púpọ̀ kọ́ bí a ti í ṣubú, tí olùgé àwòrán sì rẹ́ ìṣubú rẹ̀ sí ọ̀nà méje, tí a kò fi mọ̀ bóyá ènìyàn ni ó ṣubú tàbí àpò ìrẹsì? Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kì í bẹ̀rù kí a rí i. Chad Stahelski àti David Leitch ti ṣe iṣẹ́ eléwu bẹ́ẹ̀ rí kí wọ́n tó ṣe John Wick ní 2014. Wọ́n mú kámẹ́rà sẹ́yìn, wọ́n jẹ́ kí ègé gùn, nítorí pé Keanu Reeves ti fi oṣù púpọ̀ kọ́ ìjà náà, wọ́n sì fẹ́ kí a rí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gareth Evans ará Wales ṣe ní Indonéṣíà ní 2011 nínú The Raid, níbi tí Iko Uwais ti fi ìjà silat ilẹ̀ wọn hàn ní gbangba. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ mọ́ kì í wá òkùnkùn dúró sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbígbọ̀n jẹ́ aṣọ tí a fi ń bo òṣèré tí kò kọ́ ìjà, àti olùdarí tí kò mọ ibi tí òun ń lọ.

Ẹ kíyèsí i pé ní 1929 ni a kọ́kọ́ pín ẹ̀bùn Oscar, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2025 ni ẹgbẹ́ tí ń fi í fúnni ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé a ó dá ẹ̀bùn sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣètò iṣẹ́ eléwu náà, fún àwọn sinimá tí yóò jáde láti 2027 lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ọdún! Bí a bá wá fẹ́ bu ọlá fún wọn, kí ni a ó fi dá ẹjọ́, bí a kò bá jẹ́ kí ojú rí iṣẹ́ wọn? Ọ̀ràn yìí kò sì jìnnà sí wa mọ́. Ní 2023 Jagun Jagun, sinimá ogun ní èdè Yorùbá tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ jẹ́ olùgbéjáde rẹ̀, ti orí Netflix dé ọ̀nà jíjìn réré. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lónìí ni yóò gbé kámẹ́rà lọ́la. Ìran tí ó ní ìjàkadì, tí ó ní ijó ọdẹ, tí ó ní eré egúngún onídán, kò ní ohun tí ó yẹ kí ó fi gbígbọ̀n bò mọ́lẹ̀.

Mo dé orí ẹ̀kẹta, èyí tí ó dùn mí jù. Ní 2012 Gary Ross ṣe The Hunger Games. Nínú ìtàn náà, a kó ọmọ 24, láti ẹni ọdún 12 dé ẹni ọdún 18, sínú igbó kí wọ́n máa pa ara wọn títí yóò fi ku ẹnìkan ṣoṣo. Nígbà tí ìpakúpa àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ègé di wẹ́wẹ́, ọmọ ń ṣubú, a kò sì rí ọmọ náà dáradára. Ní Amẹ́ríkà a fi sinimá náà sí ìpele PG-13. Ní Gẹ̀ẹ́sì, a yọ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 7 kí ó tó lè wọ ìpele 12A. Báyìí ni ikú àwọn ọmọdé ṣe di ohun tí ọmọdé lè wò láìṣẹ́jú. Ẹnìkan yóò bi mí pé, “Ṣé ẹ̀yin fẹ́ kí a fi ẹ̀jẹ̀ han àwọn ọmọ ni?” Kí a má rí i! Ìdáhùn mi wà nínú sinimá kan náà. Nígbà tí ọmọdébìnrin tí a ń pè ní Rue kú, àwòrán fara balẹ̀. Katniss gbé e lé itan, ó kọrin fún un, ó já òdòdó, ó sì fi tẹ́ ẹ yí ká. Ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn lójú wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ kan ti kú, àti pé a kò gbọdọ̀ pa ọmọ.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni a lè gbà fi ikú pamọ́ fún ọmọdé. Èkínní ni kí a yí ojú kúrò lára ọgbẹ́, kí a sì gbé e lé ọ̀fọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ọmọ yóò mọ ìwúwo ikú láìrí ọgbẹ́. Èkejì ni kí a mi àwòrán títí ikú yóò fi di ijó. Ọmọ yóò jẹ adùn ìjà láìsan owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá dàgbà sí ọ̀nà kejì yóò rò pé ìlù ènìyàn kò ní ẹni tí a lù, àti pé ogun kò ní òkú. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin nì bà mí lẹ́rù. Ó ní ìjà náà dùn. Ó dùn nítorí pé kò rí i.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ lé sinimá jáde ní ilé-ìwé. Èyí tí a lé jáde ní gbọ̀ngàn, inú fóònù ni wọn yóò ti wò ó ní kọ̀rọ̀. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé, nígbà tí àwòrán bá parí, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tú ká. Ẹ bi wọ́n pé: Ibo ni ìjà náà ti ṣẹlẹ̀? Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ́? Kí ni ó yí padà lẹ́yìn ìjà? Ta ni ó ru ìrora rẹ̀ lọ sí ilé? Bí àwòrán náà bá jẹ́ kí wọ́n rí ìdáhùn, ẹ yìn ín. Bí kò bá jẹ́ kí wọ́n rí i, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹnu ara wọn sọ pé a ti rẹ́ wọn jẹ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, bí ẹnìkan bá fi ariwo dí yín lójú, tí ó sì wí fún yín pé ẹ ti wọ inú ìjà, ẹ dá a lóhùn bí àwọn baba yín ti ń dáhùn ní ojúde: Ẹ fẹ agbo! Àwa fẹ́ rí ẹni tí ó ṣubú.